Ṣé kòkòrò inú ike lè jẹ kíróòmù inú omi ṣọ́ọ̀bù mi tán?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní agbègbè Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, níbi tí èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi ti ń fi níkẹ́ẹ̀lì àti kíróòmù bo bọ́ńpà mọ́tò, sàléńsà ọ̀kadà àti ẹsẹ̀ àga. Omi tí a fi ń ṣan iṣẹ́ ń lọ sínú sókàwè ẹ̀yìnkùlé. Láti bí oṣù mélòó kan ni aládùúgbò mi ti ń ráhùn pé omi kànga òun ń pọ́n rúsúrúsú. Ọmọkùnrin kan wá gbé ìyẹ̀fun kan dé nínú ike. Ó ní bakitéríà ló wà níbẹ̀, pé bí ó ṣe ń jẹ ìgbẹ́ inú sókàwè náà ni yóò ṣe jẹ kíróòmù tán láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. ₦45,000 ló pè é. Mo fẹ́ lé e dànù, àmọ́ ọmọ mi tó wà ní Poli ní òótọ́ ni, pé wọ́n kọ́ àwọn pé bakitéríà ń yọ irin kúrò nínú omi. Ta ni kí n gbà gbọ́? Èmi ni Bàbá Kẹ́hìndé."

Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí owó má baà ti kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ka ìdáhùn mi dé ìsàlẹ̀: ẹ má rà á. Ọmọ yín kò purọ́ o. Bakitéríà wà lóòótọ́ tó ń yọ òjé, kíróòmù, sínkì àti bàbà kúrò nínú omi, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun náà ló da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra wọn, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an kò mọ̀ pé méjì ni. Ohun tí bakitéríà ń ṣe sí ìgbẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń ṣe sí irin.

Ẹ wo ìgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, òróró àti ọṣẹ. Ara ohun abẹ̀mí ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, kòkòrò àìfojúrí sì lè tú wọn palẹ̀. Á jẹ èyí tó fẹ́, á sọ ìyókù di afẹ́fẹ́ àti omi, ohun tó wà níbẹ̀ lánàá kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ̀fun sókàwè fi máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn fún ẹni tí sókàwè rẹ̀ kún. Kíróòmù kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí a lè tú u palẹ̀ sí, nítorí kì í ṣe àdàpọ̀ nǹkan kan àti òmíràn. Iná kò lè jó o tán, ásíìdì kò lè pa á rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kòkòrò tí yóò gbé e mì tí irin náà kò ní padà jáde láti ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ lọ́jọ́ tó bá kú. Bí gíráàmù 100 kíróòmù bá wọ sókàwè yín lónìí, gíráàmù 100 náà ni yóò wà láyé nígbà tí Kẹ́hìndé bá di bàbá àgbà. Ibi tó máa wà nìkan ni ọwọ́ wa ká: inú sókàwè, inú kànga aládùúgbò, tàbí inú àpò kan tí a dì, tí a sì mọ ibi tí a gbé e sí.

A ò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí. Ní Olódó níbí, wọ́n da pàǹtírí bátìrì mọ́tò sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òjé ṣì kún ibẹ̀ bámúbámú. Òjò kò wẹ̀ ẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kòkòrò inú ilẹ̀ tó jẹ ẹ́. Ní Zamfara ní 2010, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàrin agboolé wọn, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tún àwọn abúlé náà ṣe ni pé wọ́n ha ilẹ̀ òkè kúrò, wọ́n kó o lọ sin síbi tí ọmọdé kò ní dé, wọ́n sì fi ilẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Ká ní oògùn tó ń jẹ òjé wà ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti kọ́kọ́ dà á sí.

Kí wá ni wọ́n kọ́ ọmọ yín ní Poli? Wọ́n kọ́ ọ pé bakitéríà lè mú irin tó ti yọ́ sínú omi, tí ojú kò rí tí asẹ́ kò sì lè sẹ́, kí ó sọ ọ́ di ohun tí a lè gbá jọ. Iṣẹ́ ìgbájọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìparẹ́. Ọ̀nà tó sì ń gbà ṣe é ju ẹyọ kan lọ.

Èyí tó rọrùn jù lọ kò tilẹ̀ bèèrè pé kí kòkòrò náà wà láàyè. Awọ ara bakitéríà ń gbé iná kékeré kan ti apá òdì, irin bí òjé àti bàbà tó yọ́ sínú omi sì ń gbé iná ti apá kejì káàkiri. Bí wọ́n bá pàdé, irin náà á lẹ̀ mọ́ awọ náà bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ẹni tó gba inú igbó kọjá. Àwọn bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Bacillus, tó kún inú ilẹ̀ wa, awọ tiwọn nípọn, ìyẹn ni àwọn oníwádìí ṣe fẹ́ràn wọn. Wọ́n á gbìn wọ́n, wọ́n á sá wọn gbẹ, wọ́n á kó wọn sínú ọ̀pá kan, omi á sì máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Omi tí irin inú rẹ̀ kò pọ̀ ni ọ̀nà yìí dára fún, kì í ṣe omi tó ki. Bí omi náà bá sì kan jù, tí pH rẹ̀ (òdiwọ̀n bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe kan sí) wà nísàlẹ̀ 3, ásíìdì á ti gba gbogbo ìjókòó tán kí òjé tó dé. Ní nǹkan bíi 5 sí 6 ni òjé, bàbà àti sínkì máa ń lẹ̀ dáadáa. Kíróòmù inú táńkì yín tún ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí iná apá òdì lòun náà ń gbé, inú omi tó kan gan-an nìkan ló ti ń gbà láti lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ọ̀pá kan ṣoṣo kò lè mú kíróòmù àti níkẹ́ẹ̀lì yín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó sì ṣe méjèèjì dáadáa. Bí awọ náà bá kún, wọ́n á fi ásíìdì díẹ̀ ṣan án, irin á jábọ́ sínú omi kékeré kan tó ki, wọ́n á sì tún awọ náà lò. Irin náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà kejì ni èyí tó kan iṣẹ́ yín jù. Kíróòmù inú táńkì yín, tó pupa dúdú níbi tó ti ki, tó ń di yẹ́lò bí ẹ bá ta á sínú omi púpọ̀, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kíróòmù mẹ́fà. Òun ló burú. Èéfín rẹ̀ máa ń dá ihò sí àárín imú àwọn tó pẹ́ nídìí rẹ̀, ó ń dá egbò sí ìka, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń yọ́ sínú omi gan-an, ó sì ń rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ kejì, kíróòmù mẹ́ta, àwọ̀ ewé ló ní, kò le tó ti àkọ́kọ́, ó sì máa ń silẹ̀ sí ìdí omi bí omi kò bá kan. Àwọn bakitéríà kan wà tó lè sọ mẹ́fà di mẹ́ta. Ní 1977 ni Romanenko àti Korenkov ní Soviet Union kọ nípa ọ̀kan irú rẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti rí púpọ̀ sí i nínú ẹbí Pseudomonas, Bacillus àti àwọn mìíràn. Bóyá èyí ni ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun yín gbọ́ tó fi sọ pé yóò jẹ ẹ́ tán. Omi yẹ́lò á ṣí, ojú á rí i pé ó mọ́, àmọ́ bí ẹ bá gbé e lọ síbi ìdánwò tí wọ́n wọn àpapọ̀ kíróòmù inú rẹ̀, iye rẹ̀ kò tíì yí padà títí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò fi silẹ̀ tí ẹ ó sì kó o kúrò. Ti mákúrì tilẹ̀ jọni lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn bakitéríà kan máa ń sọ ọ́ di ooru tó ń fò lọ kúrò nínú omi. Omi mọ́, ó wá ku ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi náà.

Ọ̀nà kẹta ni èmi fúnra mi fẹ́ràn jù, nítorí òun ló ti jáde kúrò nínú yàrá ìdánwò wọ inú ilé-iṣẹ́. Bakitéríà kan wà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Dípò afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí, sọ́féètì, irú iyọ̀ kan tó ń yọ́ sínú omi, ló ń lò, ohun tó sì ń tú jáde ni gáàsì tó ń rùn bí òbu ẹyin. Desulfovibrio ni ọ̀kan nínú orúkọ wọn. Gáàsì yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kan sínkì, òjé, bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì nínú omi, á gan wọ́n mú, wọ́n á di ẹrẹ̀ dúdú, wọ́n á sì silẹ̀. Kíróòmù kì í di ẹrẹ̀ dúdú bíi tiwọn, àmọ́ gáàsì náà á sọ mẹ́fà di mẹ́ta fún un, òun náà á sì silẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Budel ní ilẹ̀ Netherlands, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ sínkì, sínkì àti sọ́féètì ti wọ omi abẹ́ ilẹ̀. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fa omi náà jáde gba inú táńkì ńlá tí irú bakitéríà yìí wà. Ọtí líle ni wọ́n ń fi bọ́ wọn, ẹrẹ̀ sínkì tó bá sì silẹ̀, wọ́n á kó o padà sínú iná ìyọ́rin láti tún un yọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn nìyẹn: wọ́n ní ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn ní ìsàlẹ̀ Ògùnpa àti Kúdẹtì, irú kòkòrò kan náà ló ń sè é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Apá kan irin tó ń wọ odò wa ló wà ní dídè síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàrá bá ru ẹrẹ̀ náà sókè, tàbí tí wọ́n kó o sí bèbè odò nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ á kàn án, ìdè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, irin á sì tún yọ́ sínú omi. Ẹ má gbàgbé èyí, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tiyín. Ẹ jọ̀wọ́, gáàsì òbu ẹyin yìí ń pa ènìyàn. Òun ló máa ń wà lára ohun tó ń gbé àwọn tó wọ inú sókàwè ṣubú, ó sì máa ń pa imú kú débi pé ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá pọ̀. Kí ọmọṣẹ́ kankan má wọ inú sókàwè yẹn lọ wo bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àṣìlóye kan wà tí mo máa ń bá pàdé nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó sì yẹ kí ọmọ yín náà gbọ́. Wọ́n á bu ilẹ̀ níbi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbin kòkòrò inú rẹ̀ sórí àwo tí wọ́n fi òjé sí, èyí tí kò bá kú, wọ́n á ní àwọn ti rí ohun tó ń yọ òjé. Kí nǹkan má pa ọ́ yàtọ̀ sí kí o mú un kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù ni Cupriavidus metallidurans, tí wọ́n rí ní 1976 nínú táńkì ilé-iṣẹ́ sínkì kan ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bí ó ṣe ń yè é láàrin irin ni pé ó ní ẹ̀rọ fífà lára awọ rẹ̀: bí irin bá ṣe ń wọlé ló ń fà á dà síta padà. Ó gba ara rẹ̀ là, ó sì fi omi sílẹ̀ bó ṣe bá a. Àwọn mìíràn wà tó yè é nítorí pé wọ́n ń dè é mọ́ra tàbí wọ́n ń pa á láwọ̀ dà, àwọn yẹn la lè lò, àmọ́ wíwọn irin inú omi ṣáájú àti lẹ́yìn nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ohun kejì ni pé omi mímọ́ tí wọ́n ta irin kan ṣoṣo sí ni wọ́n máa ń lò nínú yàrá ìdánwò. Omi ṣọ́ọ̀bù yín ní ọṣẹ, gíríìsì, ásíìdì, níkẹ́ẹ̀lì àti kíróòmù, gbogbo rẹ̀ papọ̀.

Ó wá ku ìyẹ̀fun inú ike. Táńkì kíróòmù tí àwọn ènìyàn ń lò káàkiri ayé máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 250 ásíìdì kíróòmù nínú lítà kan. Ohun tí a fi ń pa kòkòrò ni ẹ ń pe kòkòrò sí yẹn. Omi tí ẹ fi ṣan iṣẹ́ kò ki tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣì kan, kò ní oúnjẹ, kíróòmù mẹ́fà inú rẹ̀ sì tó láti pa èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò tí wọ́n kó láti inú ìgbẹ́ wá. Ká tilẹ̀ ní wọ́n yè é, ẹ ò ní gẹ́ẹ̀tì kankan lẹ́nu sókàwè tí yóò dá omi dúró de wọ́n. Omi ń wọlé lórí, ó ń jò lọ nísàlẹ̀. Bí apá kan bá sì silẹ̀ di ẹrẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ afámi bá fa sókàwè yín, ibo ni wọ́n ń gbé e lọ? Bí ẹni tó ń tà á bá padà wá, ẹ bi í ní orúkọ bakitéríà náà, kó mú èsì ìdánwò wá tó fi àpapọ̀ kíróòmù hàn ṣáájú àti lẹ́yìn, kó sì sọ ibi tí kíróòmù náà wà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Tó bá dáhùn pé ó ti tán, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ètè tiyín ni iye kíróòmù tó ń bá iṣẹ́ jáde kúrò nínú táńkì. Bí ọmọṣẹ́ bá yọ bọ́ńpà, tó sáré tì í bọ omi, owó yín ló ń ro sínú sókàwè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà kọ́ sórí táńkì fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 kí ó ro dáadáa, kí wọ́n dà á ní ìdagun kí igun rẹ̀ má gba omi dúró. Ẹ gbé pátákó oníke kan dagun sí àárín táńkì àti omi ìṣan, kí èyí tó bá ro sílẹ̀ padà sínú táńkì. Lẹ́yìn náà, kí iṣẹ́ kọ́kọ́ wọ ike omi kan tó dúró jẹ́ẹ́, tí omi kò ṣàn nínú rẹ̀. Omi ike yẹn ni kíróòmù yóò máa ki sí, òun náà ni kí ẹ fi máa kún táńkì nígbà tí ooru bá fa táńkì gbẹ. Ẹ ṣọ́ra fún ìdọ̀tí tó bá ti kó jọ sínú rẹ̀ o, nítorí yóò ba dídán iṣẹ́ jẹ́ bó bá pọ̀. Ìṣan tó kù, ẹ pín in sí ike méjì tí wọ́n so pọ̀: omi tuntun ń wọ ike ìkẹyìn, ó ń ṣàn padà sí ti ìṣáájú, iṣẹ́ ń lọ síwájú, omi ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí lè dín omi tí ẹ ń lò kù ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Omi kékeré rọrùn láti tọ́jú, àti pé ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta kíróòmù.

Èyí tó bá ṣì kù, kẹ́míkà ni mo máa ní kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe bakitéríà. Ẹ gbá a jọ sínú dúrọ́ọ̀mù oníke, ní ìta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú. Ẹ fi ásíìdì díẹ̀ mú pH rẹ̀ wá sí 2 sí 3, pépà pH kò wọ́n. Ẹ máa ta sodium metabisulphite sí i díẹ̀díẹ̀, òun ni yóò sọ mẹ́fà di mẹ́ta. Gíráàmù 3 ló ń tó fún gíráàmù kan kíróòmù mẹ́fà, àmọ́ ojú ni kí ẹ fi wò ó, títí yẹ́lò yóò fi lọ tí àwọ̀ ewé yóò fi dé. Bí níkẹ́ẹ̀lì bá wà nínú omi kan náà, àwọ̀ ewé tiẹ̀ lè tàn yín jẹ, nítorí náà ó dára kí ìṣan níkẹ́ẹ̀lì ní dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀. Gáàsì kan máa ń jáde níbẹ̀ tó ń fún ènìyàn lọ́fun, ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ lẹ́yìn yín. Lẹ́yìn náà ni láìmù, ìyẹ̀fun funfun yẹn o, kì í ṣe èso ọsàn wẹ́wẹ́, títí pH yóò fi dé bíi 8.5. Kíróòmù á dì bíi ẹ̀kọ tó ṣàn, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, omi á tòrò, ẹ rọra da ti òkè. Ẹ má jẹ́ kí pH ré kọjá 10, kíróòmù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà. Níkẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ fẹ́ kí ó gòkè tó bíi 10 kí ó tó silẹ̀ tán, ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ yà wọ́n. Ìkìlọ̀ ńlá kan: bí ẹ bá ń fi bàbà oní-sáyánáìdì ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kí níkẹ́ẹ̀lì tó gùn ún, omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ásíìdì láé. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ kì í fún ènìyàn láyè láti sá.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló wá kù, ibí yìí ni ìmọ̀ràn mi ti rọ díẹ̀, n kò ní tàn yín. Ẹ sẹ́ ẹ gba inú aṣọ tó ki, ẹ sá a gbẹ lábẹ́ òrùlé, ẹ dì í sínú àpò oníke méjì, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ sára rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ bá ìdọ̀tí ilé lọ sí Awótán, Lápitẹ́, Àbà-Ẹ̀kú tàbí Àjàkàǹga, nítorí omi ásíìdì tó ń jáde lára ààtàn lè tún un yọ́. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú búlọ́ọ̀kù ilé, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Ó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí NESREA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa rí sí òfin àyíká, fún ní ìwé àṣẹ láti kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, ìnáwó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré fún oníṣọ́ọ̀bù kan. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn kó ti gbogbo yín jọ, kí ẹ sanwó ọkọ̀ kan pọ̀. Nínú Yunifásítì Ìbàdàn ni ibùdó tó ń rí sí àdéhùn Basel lórí ìdọ̀tí olóró fún ilẹ̀ Áfíríkà wà. Ẹ lọ béèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, ju pé kí ẹnì kan dá lọ. Bí ẹ bá dín ohun tó ń ro kù bí mo ṣe wí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọdún kan lè má ju àpò díẹ̀ lọ. Bí ẹ ò bá dín in kù, ẹ ó máa wá ilé tí ẹ ó kó o sí.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ lo bakitéríà fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ẹ fún un láyè, àmọ́ lórí omi tó ti tòrò tí ẹ dà kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti mú pH rẹ̀ wá sí àárín 6 sí 8. Ìwọ̀nba irin tó ṣì kù nínú omi yẹn ni kòkòrò mọ̀ ọ́n ṣe ju kẹ́míkà lọ. Kó gba ìgbẹ́ màlúù níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Àkínyẹlé, kó gba ìyẹ̀ igi ní ọjà pákó Bódìjà, kó pò wọ́n mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, kó sì fi omi kún un kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Irú bakitéríà tí wọ́n lò ní Budel ti wà nínú ìgbẹ́ náà, kò ní láti ra ohunkóhun nínú ike. Kó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbilẹ̀, kí omi tó máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí dúrọ́ọ̀mù náà sì wà ní ìta, jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn. Kó ṣe dúrọ́ọ̀mù kejì tí ìyẹ̀ igi àti òkúta nìkan wà nínú rẹ̀, tí kò sí ìgbẹ́, nítorí ìyẹ̀ igi fúnra rẹ̀ máa ń gba irin mọ́ra. Bí kò bá ní dúrọ́ọ̀mù kejì yẹn, kò ní mọ̀ bóyá kòkòrò ló ṣiṣẹ́ tàbí igi, olùkọ́ tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bi í.

Ní ti kànga aládùúgbò yín, mi ò lè wo àwọ̀ omi láti ibi tí mo wà kí n sọ pé kíróòmù ni. Ilẹ̀ pupa Ìbàdàn máa ń sọ omi kànga di rúsúrúsú nígbà òjò, ó sì lè jẹ́ òun ni. Àmọ́ kíróòmù mẹ́fà lè pọ̀ ju ìwọ̀n tó yẹ lọ ní ìlọ́po púpọ̀ kí ojú tó rí yẹ́lò rẹ̀, nítorí náà bí omi náà bá tún mọ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kò tíì túmọ̀ sí pé àlàáfíà ti dé. Mílígíráàmù 0.05 nínú lítà kan ni àjọ ìlera àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n àpapọ̀ kíróòmù nínú omi mímu, 0.07 sì ni ti níkẹ́ẹ̀lì. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ bí àgbà méjì, kí ó má baà jẹ́ ẹnu ọlọ́pàá ni yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ gba ike mímọ́ méjì lọ́dọ̀ àwọn tó máa ṣe ìdánwò náà, ní UI tàbí níbòmíràn tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ AAS tí wọ́n fi ń wọn irin inú omi: ọ̀kan tí wọ́n á ti ta ásíìdì sí fún àpapọ̀ irin, èkejì láìsí ásíìdì fún kíróòmù mẹ́fà, kí ẹ gbé e sínú yìnyín kí ó sì débẹ̀ láàrin wákàtí 24. Ẹ bu omi kànga mìíràn tó wà lókè, tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ lè fi wé e. Títí èsì yóò fi jáde, kí àwọn ará ilé náà wá omi mìíràn mu, kí wọ́n sì fi se oúnjẹ. Síse omi kànga náà kò ràn án, omi ni yóò fò lọ tí kíróòmù yóò kù, bẹ́ẹ̀ ni álọ́ọ̀mù kì í fa kíróòmù mẹ́fà sílẹ̀. Páìpù tó ń lọ sí sókàwè ní tirẹ̀, ẹ má dúró de èsì kankan kí ẹ tó dí i.